Mustang 1966 mi ti dé gáréèjì, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ báyìí?

OmoAgodi_HTX
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò kàn tíì sọ nǹkan kan rí ni. Houston ni mò ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Ford Mustang 1966, onílẹ̀kùn méjì, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó ti gbé e sílé láti 2009 tí ò sì wà á mọ́. Ìwé ẹ̀ pé, orúkọ bàbá yẹn náà ló wà lórí ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára irin lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lápá dẹ́rẹ́bà, 6R07C ló fi bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan tí mo ti rí nìyí: tí òjò bá ti rọ̀, kápẹ́ẹ̀tì iwájú á tutù rinrin lápá èrò, bẹ́ẹ̀ sì rèé gbogbo gíláàsì ló wà ní títì. Tí mo bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi ń lọ kanlẹ̀ ni. Mo fi súkúrúdíráfà gún ilẹ̀ mọ́tò lábẹ́ ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà díẹ̀, ó wọlé bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún páálí. Ẹ́ńjìnì, mi ò tíì tan án.

Bàbá mi ṣe panẹbítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agodi Gate n'Íbàdàn fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, inú òórùn pẹ́ńtì ni mo dàgbà sí, àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lèmi ń ṣe, kí n máa gbé sípánà fún wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo mọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n kọ́kọ́ kùn ún ní funfun bó ṣe wà nígbà tó jáde, lẹ́yìn náà kí n fi bíréèkì dísíìkì síwájú, kí n wá yọ gíà ọ̀tómátíìkì kí n gbé mánúwà onígíà márùn-ún sí i. $9,000 ni mo ní fún ọdún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyẹn?

BabaIbeji_Bmore
Àbúrò mi, ẹ kú oríire, ọkọ̀ á tura o. Ẹ má tíì ra pẹ́ńtì kankan, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Omi tó ń tutù lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, kò gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó gba cowl ni. Ẹ lọ wo ìdí gíláàsì ńlá iwájú, níbi tí wáípà ti yọ jáde, ẹ máa rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára irin ibẹ̀. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọ inú mọ́tò, òjò náà sì ń gba ibẹ̀ wọlé, bí Ford ṣe ṣe é nìyẹn látilẹ̀. Irin méjì ni, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n wẹ́ẹ̀dì wọn pọ̀ bí ìgbà téèyàn da abọ́ dé abọ́. Nínú abọ́ ìsàlẹ̀ yẹn, ihò atẹ́gùn méjì ló wà, ọ̀kan lápá dẹ́rẹ́bà ọ̀kan lápá èrò, wọ́n wá gbé etí ihò yẹn sókè bíi fìlà kí omi lè máa ṣàn yí i ká, kó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì já sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ewé igi ń jábọ́ síbẹ̀, ó ń jẹrà, ó ń di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn á mú omi dání fún oṣù mélòó kan, ìdí fìlà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún títí á fi lu. Ọjọ́ tó bá ti lu, orí ẹsẹ̀ yín ni omi ń bọ́ sí, láti orí ẹsẹ̀ yín ó bọ́ sórí ilẹ̀ mọ́tò, ìdí nìyẹn tí súkúrúdíráfà fi wọlé. Cowl ló jẹ ilẹ̀ yẹn.

Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíì máa fi họ́ọ̀sì da omi síbi ihò yẹn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí ibi tó ti ń jò pẹ̀lú ojú yín.

Láti tún un ṣe, ẹ máa yọ fẹ́ńdà méjèèjì, ẹ yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ gíláàsì iwájú, kẹ́ẹ wá fi dírílì tú gbogbo ojú wẹ́dà kéékèèké tó mú irin òkè mọ́ tìsàlẹ̀. Wọ́n ń ta ike kan tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ láti abẹ́, mo ti lò ó rí, kò tó ọdún méjì tó tún fi ń jò. Nísìnyí ẹ ronú ẹ̀ wò, ẹ kun mọ́tò lónìí, ẹ sì máa tú gbogbo iwájú ẹ̀ lọ́la. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ sí tèmi ní 2014. $4,000 ni mo kó fún oníkùn, pẹ́ńtì yẹn dán bíi dígí, nígbà tó di ọdún kejì mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè mo rí ilẹ̀ Baltimore láti ibi tí mo jókòó sí. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kó bọ́ lójú tiyín.

Omi lẹ kọ́kọ́ máa dá dúró, lẹ́yìn ẹ̀ irin, lẹ́yìn ẹ̀ bíréèkì. Pẹ́ńtì kẹ́yìn gbogbo ẹ̀.

OmoAgodi_HTX
Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti da omi sí i lálẹ́ àná, ìyàwó mi ló di họ́ọ̀sì mú. Apá méjèèjì ló ń jò, tapá èrò tún wá pọ̀ ju, omi ọ̀hún ń dà ṣòròrò ni. Mo sì kó ewé jíjẹrà tó kún ike àpò kan jáde níbẹ̀. Tóò, tó bá jẹ́ pé èmi fúnra mi ni màá gé ilẹ̀ yẹn, kí ló yẹ kí n mọ̀?

Adunni_Weda
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wẹ́dà ni mo fi ń jẹun ní Chicago ńbí, mo sì ti pààrọ̀ ilẹ̀ Mustang mẹ́ta, méjì fún oníbàárà, ọ̀kan tèmi.

Kẹ́ẹ tó tan máṣíìnì rárá, ẹ yọ táńkì epo. Mo tún un sọ o, ẹ yọ ọ́. Nínú Mustang ayé ìgbà yẹn, orí táńkì gan-an ló di ilẹ̀ búùtù, kò sí irin míì láàárín wọn. Tí iná wẹ́dà bá ta síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì rò pé torí pé ẹ ti fa epo inú ẹ̀ gbẹ ó ti bọ́, táńkì tó gbẹ ló tún léwu jù, èéfín epo ló ń gbaná jẹ. Ẹ gbé e jáde kúrò ní gáréèjì pátápátá, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ gbé ohun ìpaná síbi tọ́wọ́ yín á ti tètè tó o.

Mustang ò ní ṣáásí lábẹ́ bíi ti pickup, ara ẹ̀ náà ni egungun ẹ̀. Tẹ́ẹ bá gé ilẹ̀ apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa tẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní tì mọ́ títí láé. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ibi tó tẹ́jú, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun kẹ́ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wẹ́ẹ̀dì páìpù onígun mẹ́rin dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn méjèèjì kó gbé e dúró, apá kan ni kẹ́ẹ gé, kẹ́ẹ parí ẹ̀, kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Bẹ́ẹ bá ṣe ń lọ, ẹ máa yọ páìpù yẹn wò, ẹ máa ti ilẹ̀kùn, àlàfo etí ilẹ̀kùn ló máa sọ òótọ́ fún yín.

Máṣíìnì wẹ́dà MIG ni kẹ́ẹ lò, wáyà .023, gáàsì 75 argon àti 25 CO2. Ẹ má fà á lọ gbọọrọ bí ẹni ń ránṣọ. Ẹ tọ́ ibí kán, ẹ fò lọ sọ́hùn-ún ẹ tọ́ ibẹ̀ kán, ẹ padà wá, kí irin má baà gbóná jù kó wá ṣẹ́po. Kẹ́ẹ tó bo cowl padà, ẹ kun inú irin méjèèjì ní epoxy primer, pẹ́ńtì àkọ́kùn tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, ẹ fi sealer tó ń dí àlàfo sí gbogbo ojú wẹ́dà, kẹ́ẹ sì da omi sí ti ìsàlẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ṣíṣí. Èyí tó bá jò nígbà yẹn ṣì ṣeé rí. Tẹ́ẹ bá ti bò ó tán, ẹ ò ní rí i mọ́.

Ẹ wọ ìbòmú gidi, pẹ́ńtì àtijọ́ tẹ́ẹ máa fọ́n sí atẹ́gùn yẹn ní lẹ́ẹ̀dì nínú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wá sí gáréèjì lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá ń lọ̀ ọ́.

Ojulowo66
Ẹ̀gbọ́n, èmi ń bẹ̀bẹ̀ nítèmi o, ẹ má yọ gíà yẹn. Mọ́tò tó ti wà bó ṣe wà láti bí ọgọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá ti ra Mustang ló ń kó nǹkan tuntun sí i lára, nígbà tó bá yá a ò ní rí ojúlówó wò mọ́.

SegunGia_ATL
Mo gbọ́ yín, inú mi sì dùn pé ẹ wà tẹ́ẹ ń ṣọ́ ojúlówó. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà yẹn pọ̀. 6 ni ọdún 1966. R, San Jose ní California ni wọ́n ti ṣe é. 07, onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé ẹ̀ le. C, ẹ́ńjìnì 289 V8, kábúrétọ̀ oníhò méjì, agbára ẹṣin 200. Ní 1966 nìkan, Mustang 607,568 ni Ford ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì jẹ́ irú tiwọn yìí. Ká ní K ló wà níbi tí C yẹn wà ni, ẹ́ńjìnì agbára 271, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ti C yìí, kí wọ́n wà á, kí wọ́n gbádùn ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé kí wọ́n má gé irin nítorí gíà, kí wọ́n kó gíà àtijọ́ àti gbogbo bóòtì ẹ̀ sínú báàgì, kí wọ́n kọ nǹkan sí i lára, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ iwájú lè rí i dá padà.

Ojulowo66
Tí wọ́n bá tọ́jú àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀, mo gbà. Ẹ wo ìwé irin tó wà lára ilẹ̀kùn náà kẹ́ẹ tó pinnu àwọ̀, tó bá jẹ́ M ló wà níbẹ̀, Wimbledon White ni, funfun tó fi díẹ̀ jọ wàrà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n po funfun tó ń tàn yòò fún yín, kò jọ ọ́ rárá.

OmoAgodi_HTX
M ni! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni.

AlhajiBireeki_NJ
Àsàlámù aléíkúmù gbogbo ilé. Edison ni mo wà, ìlú tí Ford ti ń ṣe Mustang tí lẹ́tà tiwọn jẹ́ T, Metuchen ni wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ yẹn. Wọ́n tì í ní 2004.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì yìí ni mo fẹ́ dá sí, torí kò séyìí tẹ́ẹ máa rò nípa gíà tàbí agbára tí mọ́tò yìí ò bá dúró. Másítà sílíńdà tó wà nínú 1966, ojú kan ṣoṣo ló ní. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fún lọ́ìlì látojú kan yẹn. Tí họ́ọ̀sì kan bá bẹ́, ti apá kan ṣoṣo, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀, mọ́tò ò ní dúró. Láti 1967 ni Ford ti sọ ọ́ di olójú méjì, iwájú lọ́tọ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Nítorí náà bí ẹ ò bá tilẹ̀ ní owó dísíìkì lọ́dún yìí, ẹ fi másítà olójú méjì sí i, ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti gbogbo páìpù irin tó ti dógùn-ún. Dọ́rọ́ọ̀mù tó pé, tẹ́ẹ tún ṣe dáadáa, á mú yín dúró.

Tẹ́ẹ bá wá fẹ́ dísíìkì, ẹ ra másítà tó bá dísíìkì iwájú àti dọ́rọ́ọ̀mù ẹ̀yìn mu, àti fáàfù tó ń dín agbára ẹ̀yìn kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà ẹ̀yìn á kọ́kọ́ dì, ìdí mọ́tò á yí síwájú fún yín lójú òjò. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá ríìmù 14 yín á wọ orí ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ra dísíìkì tán kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn tún máa ra ríìmù.

Eruku inú dọ́rọ́ọ̀mù àtijọ́, ẹ má fi kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Asbestos ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ẹ fi omi ìfọbíréèkì rin ín, kẹ́ẹ nù ún kúrò, kẹ́ẹ di aṣọ ìnuwọ́ yẹn sínú ọ̀rá.

SegunGia_ATL
Ọpẹ́ ni fún Àlájì. Mo fẹ́ fi kún un, sípíríìnì iwájú Mustang yìí ò sí níbi tẹ́ẹ ti mọ̀ ọ́n. Orí apá òkè, ìyẹn irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú láti òkè, ló jókòó lé, ó wọ inú ilé irin lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ sípíríìnì tí wọ́n ń yá èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìtajà, ti ẹsẹ̀ mọ́tò ayé òde òní ni, kì í wọ ibẹ̀ dáadáa, tó bá yọ́, ó lè ṣẹ́ èèyàn lápá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún Mustang gan-an, tó ń ti òkè wọlé. Ẹ má sì wọ abẹ́ mọ́tò lórí jáàkì nìkan o, jáàkì sítáńdì ni.

Nígbà tí sípíríìnì bá sì wà nílẹ̀ báyẹn, nǹkan kan wà tí owó ẹ̀ ò ju owó dírílì lọ. Klaus Arning, ẹnjiníà Ford, ló ṣírò ẹ̀, Carroll Shelby, tó ń sọ Mustang di mọ́tò eré ìje, lò ó fún GT350 1965: ẹ lu ihò tuntun fún apá òkè, kó wá sílẹ̀ ní ínṣì kan. Páálí ìwọ̀n ẹ̀ wà káàkiri. Mọ́tò á máa di ojú títì mú ní kọ́nà lọ́nà tẹ́ẹ ò ní gbàgbọ́. Ẹ gbé e lọ ṣe alignment kẹ́ẹ tó wà á síbi kankan.

Gíà mánúwà onígíà márùn-ún tẹ́ẹ fẹ́ gbé sí i, T5 ni wọ́n ń pè é, ti Mustang 1985 sí 1993 ni kẹ́ẹ wá, ti 1994 àti 1995 ọ̀pá iwájú ẹ̀ gùn jù. Ti yín ní 1966, bóòtì mẹ́fà ló mú gíà mọ́ ẹ́ńjìnì, èyí dáa, torí bẹ́ẹ̀lì háósìnì, ilé irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà, ti mọ́tò tuntun yẹn á wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún fláíwíìlì, irin róbótó tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì 289, fláíwíìlì tí ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i lápá kan jẹ́ 28 ounce ló ń lò, ti ẹ́ńjìnì 5.0 tó dé láàárín ọdún 1980 sókè, 50 ounce ni. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ máa ń so gíà àti fláíwíìlì pọ̀ tà, tẹ́ẹ bá gbé 50 yẹn sórí 289, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n títí á fi jẹ béárìn ara ẹ̀. Ẹ má gbà á, ẹ kàn gba gíà nìkan.

(Ẹ má ṣi T5 yìí mú o, ní Jámánì tẹ́lẹ̀, T-5 ni orúkọ tí Ford ń ta Mustang fúnra ẹ̀, torí ẹlòmíì ló ni orúkọ Mustang lọ́hùn-ún.)

IyaBolu_Dallas
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Agodi, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ni tèmi, ọkọ mi àtèmi la jọ jí tiwa. Mọ́tò tó ti sùn láti 2009, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ sí i láti wò ó bóyá á tàn. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ da ọ́ìlì gíà ọ̀tómátíìkì díẹ̀díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó gùn lọ́wọ́ yí bóòtì iwájú ẹ́ńjìnì fúnra yín. Tó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ dúpẹ́. Tí kò bá yí, ẹ má fipá mú un, ẹ dà sí i, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kẹ́ẹ wá sàmì sí ibi tí rótọ̀ dísíríbútọ̀ kọjú sí, kẹ́ẹ yọ dísíríbútọ̀, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà 1/4 tó gùn sẹ́nu dírílì kẹ́ẹ fi yí ọ̀pá pọ́ǹpù ọ́ìlì sápá òsì títí tẹ́ẹ máa fi rí ọ́ìlì lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ò ṣe ní gbẹ fínra lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jí. Ẹ ra ọ́ìlì tó ní zinc, ọ́ìlì mọ́tò tuntun ò ní tó o mọ́, kámù irú ẹ́ńjìnì yìí sì nílò ẹ̀.

Wáyà pọ́lọ́ọ̀gì: 1-5-4-2-6-3-7-8, dísíríbútọ̀ ń yí sápá òsì. Sílíńdà 1 sí 4 wà lápá èrò láti iwájú lọ sẹ́yìn, 5 sí 8 wà lápá dẹ́rẹ́bà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ bá wo fídíò ẹni tó ń ṣe 5.0 HO, tiwọn yàtọ̀, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo, ethanol inú epo Amẹ́ríkà báyìí ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ó sì ń jò sórí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Mọ́tò aládùúgbò wa kan jóná báyẹn, ilé ló yọ.

BabaIbeji_Bmore
Kí n má gbàgbé, ẹ pe ìnṣọ́ránsì tó ń ṣe ti mọ́tò àtijọ́, èyí tẹ́yin àtàwọn jọ fẹnu kò sí iye tó jẹ́ ṣáájú. Ti lásán á sọ pé mọ́tò ọdún 1966 ò tó nǹkan kan, tó bá jóná nínú gáréèjì owó táyà ni wọ́n máa san. Ẹ ka ìwé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín náà, àwọn ibòmíì ò gba mọ́tò tí ò rìn lójú ọ̀nà ilé.

OmoAgodi_HTX
Ẹ̀yin ará mi, oṣù márùn-ún rèé, mo padà wá ròyìn. Mo tú iwájú mọ́tò pátá, mo ṣí cowl, ohun tí mo bá nínú ẹ̀, irin ìdí fìlà apá èrò ti tán pátápátá, ihò ibẹ̀ gba ìkúùkù mi. Mo ra irin ìsàlẹ̀ tuntun. Àǹtí Àdùnní, mo ṣe bẹ́ẹ gẹ́lẹ́, apá kan kí n tó lọ sí èkejì, ilẹ̀kùn ń tì pẹ̀lú ìka kan.

Mo pe bàbá mi lórí fídíò lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wo ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí n gbé fóònù mọ́ ara irin kí n máa fi ẹ̀yìn ìka kàn án bọ̀ láti òkè. Ó ń dún kaan, kaan, nígbà tó débì kan ó dún bù. "Dúró níbẹ̀! Fílà tí wọ́n fi ń dí ihò ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ yẹn, lọ mú mágínẹ́ẹ̀tì wá." Mo mú un wá, kò lẹ̀. Mo fi máṣíìnì ha ibẹ̀, fílà tó nípọn tó ìka mi ló wà níbẹ̀, ihò sì wà lábẹ́ ẹ̀. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Àná ni mo da omi sí cowl fún wákàtí kan gbáko, ìyàwó mi ló wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìwé ìnuwọ́ funfun. Ìwé gbẹ táútáú. Owó ti dín sí $3,100, nítorí náà T5 di ọdún tó ń bọ̀. Ìbéèrè mi báyìí ni pé, ṣé kí n ti gíláàsì iwájú padà kí n lè máa gbé e síta, àbí kó dúró de pẹ́ńtì?

Adunni_Weda
Ẹ ṣeun sà, ẹ bá mi kí Bàbá gan-an. Kó dúró de pẹ́ńtì. Etí irin tí rọ́bà gíláàsì máa jókòó lé gbọ́dọ̀ ní primer àti pẹ́ńtì lábẹ́ rọ́bà yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á rá pálá gba ibẹ̀ lọ sórí cowl tuntun yín. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bo ojú ibẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

AlhajiBireeki_NJ
Kẹ́ẹ sì fi $3,100 yẹn ra másítà olójú méjì ṣáájú ohunkóhun.

OmoAgodi_HTX
Mo ti gbọ́ sà. Sátidé yìí ni màá lọ gbé e.